Nígbà Tí Ojú Òsì Bá Lọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlè

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ ohun tí mo jẹ, bí mo ṣe sùn, ohun tí mo ṣe, àti ìgbà tí orí bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Mo jẹ búrẹ́dì. Mi ò sùn. Mo na irin láti àárọ̀. Orí ò tíì dúró tán kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ní túúlu ni. Mo ní mo mọ̀ pé túúlu ni, ṣé orúkọ ni mo wá gbà ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ẹ̀fọ́rí lásán, pé inú ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ó máa ń rìn nínú ìdílé, pé kò sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n téèyàn bá mọ ohun tó ń jí i, èèyàn lè máa bá a gbé. Ká máa bá a gbé kẹ̀? Mo ti ń bá ọkọ gbé, mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́, àwọn yẹn náà ti tó mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọdọ̀ rí ìwé yìí. Nínú rẹ̀, “ó” ni màá máa pè é. Tó bá fẹ́ “wọ́n”, kó lọ kọ ìwé tiẹ̀. Ó ti gba iṣẹ́ géètì ńlá ti ilé ìwé tuntun, géètì tí gbogbo ọ̀pá rẹ̀ máa ní orí bí orí ọ̀kọ̀, tí a máa fọwọ́ rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun á di irin mú, èmi á na òòlù ńlá, bí a ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú. Agbaṣẹ́ṣe ní òun fẹ́ gbà á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Èédú tún gbówó lórí. Oòrùn mú bí ẹni pé èmi àti òun jọ ní ìjà. Orí ò fọ́. Mo kọ ọ́ kí nọ́ọ̀sì má bàa ní mi ò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó dé. Ojú ló kọ́kọ́ mú. Mo ń wo ọkọ mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ni ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀ bá sọnù. Kò dúdú o. Kò kàn sí níbẹ̀ ni. Ẹnu ààbọ̀ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í já wìrìwìrì létí ibi tó sọnù, ó rí gánńgàngán bí eyín ayùn. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú á padà, orí á wá gba ipò.

Ó gba ipò. Wọ́n sọ ìdajì orí mi di owú tí à ń lu irin lé, wọ́n ń rọ ọkọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Kí ló fẹ́ fà yọ nínú orí mi? Kó mú un, kó máa lọ! Mo bì. Mo bì títí ó fi ku omi kíkorò. Òórùn èédú tó wà lára mi ń lù mí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ń gún mi lójú. Ọkọ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pa eṣinṣin, ní aṣọ oníbàárà kan ló kù, ó tún fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Tàràtàrà, tàràtàrà. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ohùn ò jáde. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ sókè kí n fi bẹ̀ ẹ́, ọwọ́ wúwo ju òòlù lọ. Mo dùbúlẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Ká ní ẹnì kan wọlé lásìkò yẹn láti pa mí, ǹ bá ní kó tètè ṣe é, kó má sì pariwo.

Ẹtì, 7

Orí ti lọ. Ara mi rí bí aṣọ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán. Mo jẹun, mo wẹ̀, mo jókòó síta, gbogbo tàràtàrà ti àná wá ń padà sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wọlé. Mo gbé áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ọkọ mi, mo jù ú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó dá ògiri lu.

Ó wo ihò ara ògiri, ó wò mí. “Ká ní àná lo jù ú, ó máa yé mi. Lónìí ńkọ́?”

Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́gun, 11

Iṣẹ́ ń lọ. Àwọn orí ọ̀kọ̀ ti ń jọra. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ariwo lásán ni à ń pa. Ẹ̀gbọ́n mi á fi ẹ̀mú fa irin pípọ́n yọ nínú iná, á gbé e lé orí owú, á fi òòlù kékeré kan ojú ibi tó fẹ́: kín. Èmi á sọ òòlù ńlá lé ibẹ̀: gbì. Kín, gbì. Kín, gbì. A kì í sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ kí n dúró, á fẹ̀gbẹ́ òòlù kékeré lélẹ̀ lórí owú, lápá òsì mi, á mú búrọ́ọ̀ṣì gbá èépá ara irin dànù. Tó bá tún gbé òòlù, èmi náà á gbé. Bí Bàbá ṣe kọ́ wa nìyẹn. Bàbá kórìíra ariwo ẹnu.

Nọ́ọ̀sì ní tí ojú bá ti ń lọ, kí n ju òòlù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n lo oògùn, kí n wọ inú òkùnkùn. Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú ń lọ. Ẹ̀fọ́rí nìkan ló mọ̀. Tó bá gbọ́ ti ojú, ó parí, òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kí ni màá wá máa ṣe? Kí n jókòó sílé máa gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì olóṣẹ́ẹ̀tì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ẹtì, 14

Ìjà. Mo dé ilé àgbẹ̀dẹ, mo bá ọkùnrin kan tó dúró sójú ibi tí èmi máa ń dúró, ó di òòlù mi mú. Ó ga bí òpó iná, apá rẹ̀ tó itan mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní Òmìrán ni wọ́n ń pè é, pé òun kàn ní kó wá dán an wò.

“Kó wá dán kí ni wò?”

“Iṣẹ́ ẹ ni. Nítorí orí ẹ yẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni orí mi ṣe fún yín?”

“Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀, o dùbúlẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ò lè gbé orí fífọ́ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé.”

“Ẹ wá bẹ́ ẹ kúrò, ká wò ó.”

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n orí tí ò jẹ́ ká ríṣẹ́ ṣe, kó lọ sinmi nílé ọkọ.”

Nílé ọkọ! Èmi tí mo ti ń na irin kí ọyàn mi tó yọ! Ẹ̀jẹ̀ ru bò mí lójú. Mo fa irin pípọ́n yọ nínú iná, mo kọjú rẹ̀ sí Òmìrán. Gbogbo gíga yẹn, ojú fèrèsé ló gbà jáde, òun àti férémù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba irin lọ́wọ́ mi, ó gbá mi létí. Mo fi orí kàn án nímú, orí tó ń bú yẹn gan-an. Ẹ̀jẹ̀ dà sí i láyà. Ó gbá mi lójú, mo gé e jẹ lápá, a ṣubú lé èédú, a ń yí mọ́ ara wa nínú eérú bí ajá. Àwọn ará àdúgbò ya wọlé wá là wá. Wọ́n di mí mú, mo ṣì ń ta ìpá. Níwájú gbogbo wọn, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní “ìwọ”, èyí tí mi ò ṣe rí láti kékeré.

“Ìwọ! Ọwọ́ tó o fi gbá mi yẹn, màá bá ẹ fọ́ ọ!”

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Mo kúnlẹ̀. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Òmìrán ò padà wá, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti dénú àwa méjèèjì.

Àbámẹ́ta, 15

Orí tí mo fi kan èèyàn ń gbẹ̀san lára mi. Mo lo oògùn títí ó fi tán nínú páálí. Nọ́ọ̀sì bínú sí mi. Ó ní ojoojúmọ́ ni mo ń gbé oògùn mì bí ẹ̀pà, pé tó bá pọ̀ jù, oògùn gan-an á máa pe orí fífọ́ padà.

“Ẹ jẹun kí ẹ tó dá iná. Ẹ mu omi. Ẹ máa sùn lásìkò. Ẹ dé fìlà nínú oòrùn. Ẹ má sì máa bínú.”

Mo ní mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣeé ṣe.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo ti fọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́bọ̀, 20

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ ìjà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò kí ara wa, kín àti gbì nìkan ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa. Oòrùn ti gun orí páànù. Orí ọ̀kọ̀ kan wà tí kò fẹ́ dọ́gba. Ó ń kan òòlù kékeré mọ́ ọn bí ẹni ń bú mi, èmi náà ń sọ tèmi lé e bí ẹni ń dá a lóhùn. Ni ojú òsì bá lọ. Mo yí orí, mo fi apá ọ̀tún wá owú. Mo rí orí ọ̀kọ̀. Mi ò rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé òòlù sókè, mo sọ ọ́.

Ìró tó dún kì í ṣe ìró irin. Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ́kọ́ ké. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí owú. Òòlù kékeré ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì há mọ́ abẹ́ ìka. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e ti tẹ́ pẹrẹsẹ, egungun yọ funfun. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kan irin gbígbóná, ó ń hó. Ìgbà yẹn ló tó ké. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin rí. Òórùn ẹ̀jẹ̀ jíjó yẹn ò tíì kúrò nímú mi, ọṣẹ ò ran án.

Dókítà gé ìka àárín. Ó ní òun máa gbìyànjú lórí èkejì.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó fi irun wọ́ mi, ó gbá orí mi mọ́ ògiri, ó tún un gbá, ó gé mi jẹ léjìká títí eyín rẹ̀ fi pàdé. Aṣọ mi ya dé ìdí. “O ní o máa fọ́ ọ! Gbogbo ayé gbọ́! O fọ́ ọ, ọkàn ẹ wá balẹ̀! Ìkà!”

Mi ò jà padà. Mo kàn ń wí pé ojú mi ló lọ, ẹ gbà mí, ojú mi ló lọ.

“Ojú wo ló lọ? Èyí tó o fi ń wò mí yìí ńkọ́?”

Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ẹnu ara mi ni mo fi ṣèlérí ẹ̀ níwájú èrò.

Àìkú, 23

Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Túúlu nà mí láti àárọ̀ Ẹtì. Ó kó ọwọ́ méjèèjì bọ inú ojú mi, ó ń fa nǹkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi bàtà tẹ̀ mí lọ́rùn. Mo bì sára ẹní, mo bì sára ọkọ mi. Mo fi orí gbá ilẹ̀ kí ìrora ibòmíràn lè gba ipò rẹ̀, ọkọ mi sáré ki ìrọ̀rí sí abẹ́ orí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo wá ń gbá mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dijú, ìka ni mò ń rí.

Lónìí ni mo tó lè di bírò mú. Ìwọ̀nba yìí ná.

Ìṣẹ́gun, 25

Ìyá wa wá. Wọ́n jókòó ti ẹní mi nínú òkùnkùn, wọ́n gbé ọwọ́ tútù lé mi lórí. Wọ́n ní, “Irú ti bàbá yín gan-an ni. Apá òsì náà ni.”

Mo dìde jókòó. Mo rántí yàrá tí Bàbá máa ń tì mọ́ra. Mo rántí pé a kì í mí. Lọ́jọ́ kan mo já abọ́ irin lu ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ni, Bàbá fi ìgbátí yọ eyín rẹ̀ níwájú. Inú mi wá dùn, kí n má purọ́. Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Orí yìí náà ló ń jẹ́ kí Bàbá máa nà wá. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, á gbà lẹ́nu yín.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé orí ló ń jẹ́ kó nà yín?”

“Ẹ̀yin ni! Ẹ máa ń ní ká má bínú, pé orí ló ń fọ́ wọn.”

Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà sórí itan. “Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ kéré, kí ni ǹ bá sọ? Nígbà tí orí bá ń fọ́ bàbá yín, ọmọ ọwọ́ lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò lè gbé abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kejì, tí ara bá ti le, tó ti jẹun, tó ti wẹ̀, ìgbà yẹn ló máa ń dìde wá nà yín fún ariwo àná. Orí kì í gbé igi, ọmọ mi. Èèyàn ló ń gbé e.”

Áyọ́ọ̀nù ọkọ mi ni mo rò. Ọjọ́ kejì ni èmi náà jù ú.

Ọjọ́rú, 26

Ọ̀rọ̀ Ìyá ò jẹ́ kí n sinmi. Ó dáa, kí n kọ ọ́.

Ojú mi lọ. Òótọ́ ni, mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti lọ. Nọ́ọ̀sì ti sọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mo sì ní àyè láti ṣe é, òòlù ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ojú lọ. Mi ò rí ọwọ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ fọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì fẹ́ sọ òòlù yẹn, ohun yòówù kó wà lábẹ́ rẹ̀. Túúlu ló gba ojú mi. Èmi ni mo gbé òòlù.

Tí mi ò bá sọ ọ́ fún un, mi ò lè dúró níwájú rẹ̀ láé. Tí mo bá sọ ọ́, kò ní í jẹ́ kí n dúró níwájú òun láé. Mo gbé!

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Agbaṣẹ́ṣe gbé ọkọ̀ wá, ó ní òun fẹ́ kó irin òun lọ fún àwọn tí ìka wọn pé. Mo jókòó lé irin náà, mo gbé òòlù sórí ẹsẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó yan ìka tí kò nílò. Ẹnu mi yìí ò ní í pa mí o! Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wo ojú ara wọn, wọ́n padà sínú ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà òun á mú ọlọ́pàá wá.

Iṣẹ́ yìí ò gbọdọ̀ bọ́. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí rẹ̀. Tó bá tún pàdánù iṣẹ́ lórí ìka, kí ló kù fún un?

Mo wá Òmìrán lọ. Mo bá a níbi tó ti ń já sìmẹ́ńtì. Bó ṣe rí mi báyìí, ó gbé ṣọ́bìrì.

“Ẹ dúró síbẹ̀, màmá! Mi ò ṣe mọ́!”

“Bàbá mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.”

“Ẹ bẹ̀ ẹ́ láti ọ̀ọ́kán yẹn.”

Mo bẹ̀ ẹ́ láti ọ̀ọ́kán. Àwọn alábàárù ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìtìjú mì.

Ọjọ́rú, 5

Èmi ni mò ń di irin mú báyìí, tí mò ń kan òòlù kékeré. Òmìrán ń na òòlù ńlá bí ẹni ń pa ejò. Orí ọ̀kọ̀ mẹ́ta bàjẹ́ kí ó tó yé e. Mo bú u, mo rántí nọ́ọ̀sì, mo lọ síta lọ mu omi, mo padà wá bú u díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún un ni èyí: “Ojú mi máa ń lọ. Tí mo bá ní ojú ti lọ, ibikíbi tí òòlù bá wà, kó dúró síbẹ̀. Tí mi ò bá sì sọ, tí ẹ bá rí i pé mò ń wá nǹkan tó wà níwájú mi, ẹ̀yin ni kí ẹ pariwo.” Ó ní ṣé mi ò ní í fi irin gbígbóná lé òun tí òun bá pariwo? Mo ní mi ò ní í fi lé e.

Kò ju kí n sọ ọ́ lọ. Mo wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó, mo fẹ́ sunkún.

Mo ń jẹun kí n tó dá iná. Mo ń dé fìlà. Ọkọ mi fi aṣọ dúdú ìlọ́po méjì dí fèrèsé yàrá, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Mo ní kó má bínú lórí áyọ́ọ̀nù. Ó ní ògiri ni kí n bẹ̀, òun sá.

Ẹtì, 7

Ó dé nínú iṣẹ́. Mo di irin mú, òòlù Òmìrán wà lókè, mo rí eyín ayùn yẹn tó yọ lápá òsì. Ìtìjú kọ́kọ́ mú mi, mo ní jẹ́ kí èyí kàn balẹ̀ ná. Olúwa ò, orí kunkun yìí! Mo ké, “Ojú ti lọ!” Òmìrán dá òòlù dúró lókè bí ẹni tí wọ́n ya ní fọ́tò. Mo fi irin sílẹ̀. Mo lo oògùn lójú ẹsẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sínú yàrá èédú pẹ̀lú aṣọ tútù lójú.

Túúlu nà mí náà. Ó nà mí, ó fi ẹsẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti rẹ òun náà. Mo jáde, mo bá Òmìrán lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lé àwọn tó ń rìn kọjá pẹ̀lú igi, ó ní kí wọ́n má wọ́ bàtà nílẹ̀. Ìka gbogbo wa pé.

Ìṣẹ́gun, 11

Géètì ti lọ. Wọ́n ti gbé e dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ ra orí ọ̀kọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àbùkù, kò rí. Mi ò lè yọ̀. Ẹni tó yẹ kí n sọ fún ń bẹ nílé, mi ò tíì fojú kàn án láti ọjọ́ náà.

Ẹtì, 14

Mo lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó di ọmọ odó mú. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi ná, tó bá fẹ́ lù mí lẹ́yìn rẹ̀ mi ò ní í sá. Ó jẹ́ kí n wọlé, ó dúró sẹ́yìn mi gangan.

Ẹ̀gbọ́n mi ti rù. Ọwọ́ náà wà lórí ìrọ̀rí. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, géètì ti dúró.”

“Mo gbọ́.”

“Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá. Ojú mi lọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti lọ kí n tó gbé òòlù. Ó yẹ kí n jù ú sílẹ̀. Inú yín ló ń bí mi. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo dijú, mo dúró de ọmọ odó. Kò balẹ̀. Mo la ojú. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo fèrèsé.

“Mo mọ̀,” ó ní.

“Ẹ mọ kí ni?”

“Pé ojú ẹ ti lọ. O dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó ń wo àṣá. Bàbá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i lára ẹ. Kí lo rò pé mo lọ pe Òmìrán fún?”

“Kí ló dé tí ẹ ò bá mi sọ ọ́?”

“Mò ń dúró kí o fẹnu ara ẹ sọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kọ́kọ́ wọ̀ mí lára. Nígbà tó wọ̀ mí, mo dìde lórí eékún. “Ẹ dúró ná. Ẹ rí i pé mi ò ríran. Ẹ wá gbé ọwọ́ síbẹ̀?”

Ó kọjú sí mi. “Inú ń bí èmi náà. O bú mi lójú gbogbo àdúgbò, o ní o máa fọ́ ọ. Mo fẹ̀gbẹ́ òòlù lélẹ̀, mo rí i pé o ò rí i, mo ní mi ò ní í pariwo. Mo nawọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì, mo fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wò ẹ́ lójú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o lè ṣe é.”

“Ta ní ń ṣe irú ẹ̀?”

“Ọmọ bàbá ẹ ni.”

Ọmọ odó já bọ́ lẹ́yìn mi. Ìyàwó rẹ̀ káwọ́ lérí. “Yéè! Ẹ̀yin méjèèjì ti ya wèrè! Mo gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí! Lójú èrò ilé ìwòsàn!” Ó tú gèlè, ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í nà wá, ó nà mí lẹ́yìn, ó na ọkọ rẹ̀ lórí, ó ń sunkún, ó ń nà wá. Àwa méjèèjì ò sá. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mi ò tíì dárí jì í. Òun náà ò sọ pé òun ti dárí jì mí. Báńdéèjì rẹ̀ ti tú níbi tó ti ń gbé apá dí gèlè. Ó na ọwọ́ náà sí mi kí n bá òun dì í. Mo dì í mú. Mo ń yí báńdéèjì náà ká, kò sì fà á sẹ́yìn.